Dígí méjì, síkúrúù mẹ́fà

Mo gbé awò awọ̀nàjíjìn mi síta ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, mo sì padà wọlé wá jókòó. Dígí ńlá tó wà ní ìdí rẹ̀ ṣì móoru ju afẹ́fẹ́ ìta lọ. Títí yóò fi tutù, ooru á máa gbéra lójú rẹ̀, á máa gbọn àwòrán gbogbo ìràwọ̀ jìgìjìgì, kò sì sí ohun tí èèyàn lè rí nínú rẹ̀ tó ṣeé gbọ́kàn lé. Nítorí náà mo ní àyè díẹ̀. Mo fẹ́ fi sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, ìyẹn oṣù mẹ́jọ tí mo fi ka ẹ̀sùn sí dígí kan lẹ́sẹ̀, tí dígí náà kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Irú èyí tí Isaac Newton kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1668 ni awò náà. Dígí ńlá kan jókòó sí ìdí ọ̀pá gbọọrọ. Tèmi fẹ̀ tó mìlímítà 200, ojú rẹ̀ jin díẹ̀ bí ojú abọ́, ó sì ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ojú kan ṣoṣo ní mìlímítà 1000 sí ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í dé òpin ìrìn rẹ̀ tààrà, torí pé dígí kékeré kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ dábùú ọ̀nà rẹ̀ lókè ọ̀pá, ó dagun ní ìwọ̀n dígírì 45, ó sì ń darí rẹ̀ jáde sí ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni ihò kan wà tí a ń ki lẹ́ǹsì bọ̀, tí a sì ń gbé ojú lé. Ọrùn ni mo máa ń pe ibẹ̀, orúkọ náà ni màá sì lò níhìn-ín. Síkúrúù mẹ́ta ló wà lẹ́yìn dígí ńlá, mẹ́ta wà lẹ́yìn dígí kékeré. Títo dígí kò ju kí èèyàn mọ èyí tí yóò yí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìgbà tí yóò yí i, àti ibi tí yóò ti dáwọ́ dúró.

Alẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Epsilon Lyrae ni mo ń wá. Kò jìnnà sí Vega, ìràwọ̀ ńlá tí kò ṣòro láti rí. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú dáadáa lè rí i láìlo awò pé méjì ni wọ́n níbẹ̀. Ohun tó mú kí àwọn tó ń wo ojú ọ̀run fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì tún jẹ́ ìbejì. Mẹ́rin ni gbogbo wọn. Bí a bá pín dígírì kan ṣoṣo sí ọ̀nà 3600, àlàfo tó wà láàárín ìbejì kọ̀ọ̀kan kò ju méjì àti díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n dígí tó fẹ̀ tó mìlímítà 200 lè ya ìràwọ̀ méjì tí àlàfo wọn kò tó ẹyọ kan nínú ìdá yẹn sọ́tọ̀. Ó yẹ kí n rí mẹ́rin. Ó yẹ kí òkùnkùn hàn láàárín wọn.

Méjì ni mo rí, àwọn méjèèjì sì hu ìrù. Orí ìmọ́lẹ̀ wà lápá kan, ó wá ń fẹ̀ lọ sí apá kejì, ó ń ṣá bí ó ti ń lọ, bí ìyẹ́ tí a di ìdí rẹ̀ mú. Mo sún awò sọ́tùn-ún, mo sún un sósì, mo yọ lẹ́ǹsì, mo fi òmíràn sí i. Ìrù náà kò kúrò, ibì kan náà ló sì kọjú sí. Mo dúró di ọ̀gànjọ́ òru kí dígí lè tutù dáadáa. Nígbà tí mo fi máa kó ẹrù wọlé, mo ti dá ẹjọ́ lọ́kàn mi: ẹni tó dán dígí yìí kò dán an dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí mo máa ń fi irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ̀, ó ti ń wo ojú ọ̀run kí wọ́n tó bí mi. Mo pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mo rò pé dígí tí mo rà yìí kò dáa."

"Ṣé o tò ó kí o tó gbé ojú lé e?"

"Mo tò ó sà. Lésà ni mo fi tò ó, iná rẹ̀ sì padà wọ ojú ihò tó ti jáde gẹ́lẹ́."

"Ó dáa. Ìràwọ̀ ńkọ́? Kí ni ìràwọ̀ wí?"

Mo ní ìrù ni wọ́n hù.

"Ẹlẹ́rìí méjì lo ní nígbà náà, ẹnu wọn kò sì kò. Èwo lo gbà gbọ́ nínú wọn, àbúrò mi?"

Mo mọ ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n n kò tẹ̀ lé e. Irinṣẹ́ ni lésà, wọ́n ṣe é fún iṣẹ́ yìí gan-an. Ìràwọ̀ ní tirẹ̀, afẹ́fẹ́ lè dà á rú, ojú tèmi náà sì lè ṣì í rí. Lésà ni mo gbà gbọ́, mo sì gbà á gbọ́ fún oṣù mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí lésà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó lè yé yín bí ó ṣe tàn mí. A ó ki í bọ ọrùn. Iná pupa tín-ín-rín á jáde lẹ́nu rẹ̀, á ba dígí kékeré, dígí kékeré á rán an lọ bá dígí ńlá nísàlẹ̀, dígí ńlá á sì dá a padà. Bí ohun gbogbo bá tò, iná náà á ba àárín gbùngbùn dígí ńlá, níbi tí a ti lẹ òrùka bébà kékeré kan mọ́ ọn fún àmì, á sì gba ọ̀nà tó bá lọ padà wọ ihò tó ti jáde. (Òrùka bébà yẹn kì í ba àwòrán jẹ́ rárá. Abẹ́ òjìji dígí kékeré ló wà, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí a ń wò kì í dé ibẹ̀.) Ohun méjì ni lésà ń sọ nígbà náà: ibi tí iná bà nísàlẹ̀, àti ibi tó padà sí lókè. Èmi kì í wo ti ìsàlẹ̀. Ojú lésà tó wà lókè, tí wọ́n ya àmì róbótó sí, ló wà nítòsí mi, òun nìkan ni mo ń wò. Nísàlẹ̀, iná náà ń ba ibi tó fi bí ìbú àtàǹpàkò kan jìnnà sí òrùka. Èmi a wá lọ sẹ́yìn dígí ńlá, n ó máa yí síkúrúù rẹ̀ títí iná á fi padà sílé. Ó sì ń padà sílé lóòótọ́. Ibi yòówù kí iná ti ba dígí ńlá, bí a bá ti yí ibẹ̀ kojú rẹ̀ gbọọrọ, ilé ni yóò dá a padà sí.

Ohun tí mo ń ṣe gan-an ni pé mo ń yí dígí ńlá kúrò níbi tó yẹ kí ó wà, kí àṣìṣe dígí kékeré má bàa hàn sí mi. Àṣìṣe kan sá pamọ́ sẹ́yìn èkejì, irinṣẹ́ mi sì ní kò sí nǹkan kan. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Gbogbo ìgbà tí ìràwọ̀ bá sì tún hu ìrù, ńṣe ni mo máa ń padà lọ bá lésà kan náà pé kó tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Ìrù yẹn ní orúkọ, kómà ni wọ́n ń pè é, ó sì yẹ kí n sọ ibi tó ti ń wá, torí pé òun ni ìdí tí títo dígí fi ṣe pàtàkì. Ojú dígí ńlá kò jin bí ìdajì bọ́ọ̀lù. Ìrísí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní parabola ni wọ́n dán sí i. Ẹ̀bùn parabola ni pé gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé ní ìbámu pẹ̀lú ìlà àárín rẹ̀ ni yóò kó jọ sójú kan ṣoṣo, láìṣẹ́ku. Àbùkù rẹ̀ sì ni pé ojú kan ṣoṣo náà ni. Bí ìràwọ̀ bá ti yẹ̀ kúrò lórí ìlà àárín, ìrù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bó sì ṣe ń jìnnà tó ni ìrù ń gùn tó. Kò sí awò irú ti Newton tí kò ní ìrù yìí létí àwòrán. Iṣẹ́ ẹni tó ń to dígí ni kí àárín lẹ́ǹsì bọ́ sí ibi tí ìrù kò sí, kì í ṣe ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni ibi tí ìrù kò sí náà ṣe fẹ̀ tó? Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nìyí nígbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ nọ́ńbà tí a ń kọ ní f, ìyẹn jíjìnnà ojú ìkójọ ìmọ́lẹ̀ tí a fi fífẹ̀ dígí pín. Bí nọ́ńbà náà bá dín sí ìdajì, ibi tó mọ́ náà kò ní dín sí ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni yóò kù. Dígí f/8 ní àyè tó tó nǹkan bíi mìlímítà 11. Dígí f/4 kò ní ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ. Tèmi jẹ́ f/5, àyè tirẹ̀ kò pé mìlímítà mẹ́ta, kò fẹ̀ ju orí ìṣáná lọ. Mo wá wo síkúrúù tó wà lẹ́yìn dígí ńlá mi, mo wọn jíjìnnà wọn sí àárín àti bí okùn ara wọn ṣe ki tó, mo sì rí i pé bí mo bá yí ẹyọ kan ní ìdá mẹ́rin péré, ìlà àárín dígí náà á ti rìn ní nǹkan bíi mìlímítà méjì. Ìdá mẹ́rin yíyí! Èmi tí mo máa ń yí i ní odindi, tí n ó tún yí i padà ní odindi. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi, bẹ́ẹ̀ gan-an ni síkúrúù yìí ṣe fẹ́ kí a bá òun lò.

Nọ́ńbà yẹn náà ló jẹ́ kí n lóye ohun kan tí mo ti kà nípa William Herschel, ẹni tó rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus lọ́dún 1781 pẹ̀lú awò tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Awò tó tóbi jù lọ tó ṣe, èyí tó parí lọ́dún 1789, ní dígí tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.2, ojú ìkójọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì wà ní mítà 12. Irin tí wọ́n fi bàbà àti tánganran pò ni wọ́n fi ń ṣe dígí nígbà náà, ó sì máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ mì. Kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ṣòfò lẹ́ẹ̀mejì, Herschel yọ dígí kékeré kúrò pátápátá. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yí dígí ńlá dagun díẹ̀ kí àwòrán lè bọ́ sí etí ẹnu ọ̀pá, òun á sì jókòó síbẹ̀, á kẹ́yìn sí ojú ọ̀run tó ń wò. Ó ń rú mi lójú tẹ́lẹ̀: báwo ni àgbà ọ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ fún mi pé kí n má ṣe? Ṣùgbọ́n f/10 ni dígí rẹ̀. Àyè wà fún un láti yẹ̀ láìjẹ́ pé ìrù ìràwọ̀ pọ̀ jù. Àyè yẹn kò sí fún f/5.

Ó tún ku nǹkan kan nípa dígí ayé wọn. Irin náà máa ń dọ̀tí lójú, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún un dán, wọ́n á dá a padà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá a padà ni wọ́n ní láti tò ó. Mo máa ń rántí ìyẹn bí ó bá rẹ̀ mí.

Ohun tó tú mi sílẹ̀ kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Ẹ̀gbọ́n ló wá sílé, tó ní kí n pa lésà tì, tó sì mú ọ̀pá kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀. Cheshire ni wọ́n ń pè é, orúkọ ẹni tó gbé e jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni. Kò ní bátìrì, kò ní iná. Ihò wíwò kan ló wà lórí rẹ̀, okùn tín-ín-rín méjì ló dábùú ara wọn ní ìdí rẹ̀, ojú irin dídán kan tó dagun wà nínú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. "Ohun tí lésà ń sọ fún ọ, ojú ara rẹ ni wàá fi rí i níbí," ló wí, ó sì ní kí n dá gbogbo síkúrúù padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí n kò tíì bẹ̀rẹ̀ rí: kí dígí kékeré jókòó sábẹ́ ọrùn. Kì í ṣe kí ó kọjú síbì kankan o. Kí ó sáà jókòó sí àyè rẹ̀. Dígí náà gùn bí ẹyin, ṣùgbọ́n nítorí pé ó dagun, róbótó ló yẹ kí ó hàn bí a bá wò ó láti ọrùn, kí ó sì wà láàárín ihò. Ẹ̀gbọ́n fi bébà aláwọ̀ sí ògiri ọ̀pá tó dojú kọ ọrùn, ó fi òmíràn dí ọ̀nà dígí ńlá, kí àwòrán tó wà nínú dígí má bàa máa da ojú mi rú. Lójijì, mo rí etí dígí kékeré kedere fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ra awò yẹn. Ó fi bí mìlímítà mẹ́rin lọ sókè jù, ó sì yí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti ń fi síkúrúù tún ojú ohun tí ìdí rẹ̀ kò dúró dáadáa ṣe.

Ó ní kí n dá ọ̀pá dùbúlẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan bóòtù àárín tó gbé dígí kékeré ró. Mo rò pé ó ń ṣọ́ra jù. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí áléǹkí bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì dún gbàgà lára ògiri ọ̀pá. Ká ní ọ̀pá náà dúró ṣánṣán ni, orí dígí ńlá ni ìbá já sí. Láti ọjọ́ yẹn, okùn wà nídìí áléǹkí mi, mo sì máa ń so ó mọ́ ọrùn ọwọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá yí síkúrúù mẹ́ta dígí kékeré, díẹ̀díẹ̀, títí òrùka bébà tó wà láàárín dígí ńlá fi bọ́ sábẹ́ ibi tí okùn Cheshire ti dábùú ara wọn. Bí a bá dẹ ọ̀kan, a ó fún méjì yòókù, torí wọ́n jọ di dígí mú ni. Ìkẹ́yìn ni dígí ńlá. Òun ló rọrùn jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ni mo sì ti ń fi oṣù mẹ́jọ bá jà. Àmì dúdú Cheshire wọ inú òrùka bébà, ó parí.

Àfi òjìji. Bí mo ṣe gbé ojú lé ihò, mo rí i pé òjìji dígí kékeré, èyí tó hàn dúdú nínú dígí ńlá, kò sí láàárín. Ó fì sí apá kan. Mo na ọwọ́ sí síkúrúù.

"Fi sílẹ̀," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Kò sí láàárín sà."

"Kò yẹ kó wà láàárín. Fi sílẹ̀."

Ìmọ́lẹ̀ tó ń gòkè bọ̀ láti dígí ńlá ń tín-ín-rín bí ó ti ń bọ̀. Apá dígí kékeré tó sún mọ́ dígí ńlá ń pàdé rẹ̀ níbi tó ṣì fẹ̀, apá kejì ń pàdé rẹ̀ níbi tó ti tín-ín-rín. Kí dígí kékeré tó lè gba gbogbo rẹ̀ dọ́gbadọ́gba, ó ní láti sún díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ dígí ńlá, kí ó sì sún díẹ̀ kúrò lẹ́bàá ọrùn. Nítorí náà òjìji rẹ̀ á fì. Lára awò tí nọ́ńbà f rẹ̀ tóbi, fífì náà kéré débi pé ojú kì í rí i. Lára f/5, ó hàn. Mo ronú nípa iye ìgbà tí mo ti lè to dígí yẹn dáadáa láìmọ̀, tí mo wá tú u ká nítorí pé mo fẹ́ kí gbogbo róbótó tí mo rí wọ inú ara wọn. Ó dùn mí. N kò ní fi pamọ́ pé ó dùn mí.

Lésà náà a yẹ̀ ẹ́ wò kí Ẹ̀gbọ́n tó lọ. A fi í sí ọrùn, a ń yí i po láìyọ ọ́. Bí lésà bá gún, ibi tí iná rẹ̀ bà lórí dígí ńlá kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Tèmi ń ya òrùka. Lésà fúnra rẹ̀ wọ́ nínú agolo rẹ̀. Síkúrúù kéékèèké wà lára rẹ̀ tí a fi lè tún un ṣe, mo sì tún un ṣe nígbẹ̀yìn. Mo ṣì ń lò ó, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì Barlow ni mo ń fi sí iwájú rẹ̀ báyìí, gẹ́gẹ́ bí Nils Olof Carlin ti là á sílẹ̀. Lẹ́ǹsì náà á fẹ iná lésà lójú kí ó lè bo àárín dígí ńlá, òjìji òrùka bébà á sì padà wá hàn lókè. Òjìji yẹn ni a ó fi sí àárín. Bí lésà bá tilẹ̀ wọ́ díẹ̀, kò ní ba ẹ̀rí yẹn jẹ́. (Ẹ má ṣe gbé ojú lé ọrùn nígbà tí lésà bá wà níbẹ̀ o. Ẹnu ọ̀pá ni kí ẹ ti máa wò ó, kí iná náà má ba ojú yín.)

Mo ka ìtàn Hubble, awò ńlá tí wọ́n gbé lọ sí òfurufú, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo sì kà á tán lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Wọ́n gbé e lọ sókè lọ́jọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1990, àwòrán tó rán wá kò sì mọ́ kedere. Ti Hubble kì í ṣe ọ̀rọ̀ títo dígí, ìrísí dígí gan-an ni. Dígí tó fẹ̀ tó mítà 2.4 náà, wọ́n dán an dé ojú àmì, ṣùgbọ́n ojú àmì náà ló ti yẹ̀: etí dígí tẹ́ jù pẹ̀lú ohun tí kò ju ìdá méjì àti díẹ̀ lọ nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mìlímítà kan. Ohun tó fà á ni pé lẹ́ǹsì kan nínú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ dígí náà wò fi mìlímítà 1.3 kúrò ní àyè rẹ̀. Ibi tó mú mi dákẹ́ nìyí: irinṣẹ́ mìíràn wà ní ibi iṣẹ́ yẹn, èyí tí kò péye tó ti àkọ́kọ́, ó sì ti fi hàn pé nǹkan kan kò tọ́ kí dígí tó kúrò nílẹ̀. Wọ́n pa ẹ̀rí rẹ̀ tì, nítorí pé irinṣẹ́ tó ṣì wọ́n lọ́nà ni wọ́n gbà pé ó péye jù. Oṣù kejìlá ọdún 1993 ni àwọn arìnrìn-àjò òfurufú tó lọ bá a lókè fi ohun tó ń tún ojú rẹ̀ ṣe sí i.

Ti James Webb, awò mìíràn tí wọ́n gbé lọ sí òfurufú, ni mo fẹ́ràn jù, torí pé títo dígí gidi ni. Dígí ńlá rẹ̀ jẹ́ ìdá 18, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá yí, gbogbo rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 6.5, ó sì wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ kìlómítà sí ayé, níbi tí ọwọ́ èèyàn kò lè dé. Lóṣù kejì ọdún 2022, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HD 84406. Ìràwọ̀ kan náà hàn níbi 18, ó fọ́n káàkiri, torí pé dígí kọ̀ọ̀kan ń wo ibi tó wù ú. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Báwo ni wọ́n ṣe mọ dígí tó ni ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan? Wọ́n yí ẹyọ kan, wọ́n wo èyí tó rìn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n yí òmíràn. Nígbà tí mo kà á, mo dìde lọ wo síkúrúù mẹ́ta tó wà lẹ́yìn dígí mi, mo fi máákà kọ 1, 2, 3 sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo ti ní awò náà fún ọdún kan ó lé, n kò sì lè sọ ibi tí ìràwọ̀ á rìn sí bí mo bá yí ọ̀kan nínú wọn. Ní báyìí mo lè sọ ọ́ nínú òkùnkùn.

Cheshire kọ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹ́yìn. Ìràwọ̀ ni. Èyí tí mo ń lò ni Polaris, ìràwọ̀ àríwá, nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn, èèyàn lè fi í sílẹ̀ lọ sẹ́yìn dígí, kó padà wá bá a níbi tó fi í sí. Mo máa ń lo lẹ́ǹsì tó ń fẹ nǹkan lójú gan-an, n ó gbé ìràwọ̀ sí àárín, n ó wá yí ọrùn díẹ̀ kí àwòrán má bàa kójọ dáadáa. Ìràwọ̀ á ṣí bí òdòdó: òrùka nínú òrùka, ihò dúdú kan láàárín, èyí tó jẹ́ òjìji dígí kékeré. Bí ihò náà bá wà láàárín, ó tò. Bí ó bá fì, n ó fọwọ́ kan síkúrúù kan nídìí dígí ńlá, kò ní ju bí ẹni fẹ́ yí i lọ. Ìràwọ̀ á sá kúrò láàárín. N ó kọ́kọ́ dá a padà sáàárín kí n tó wo òrùka rẹ̀, torí etí àwòrán ní ìrù tirẹ̀ tó lè tan èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni màá máa ṣe é, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn náà n ó dá ọrùn padà, òrùka gbogbo á kó wọlé, ìràwọ̀ á di ojú róbótó kékeré kan tí òrùka tín-ín-rín yí ká. George Airy ló ṣàlàyé ojú róbótó yẹn lọ́dún 1835. Ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ kò tóbi bẹ́ẹ̀, ìwà ìmọ́lẹ̀ ni bí ó bá gba ẹnu ihò róbótó kọjá. Ibi tí dígí náà lè dé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí òrùka yẹn pé yíká, n kò kúrò nídìí Polaris fún ìgbà pípẹ́. Mo ti mọ ibi tí mo ń lọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí láti lọ. Nígbà tí mo gbé awò náà lọ bá Epsilon Lyrae nígbẹ̀yìn, mẹ́rin ni mo rí. Méjì dúró síhìn-ín, méjì dúró sọ́hùn-ún, àwọn ìbejì àkọ́kọ́ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, àwọn kejì dábùú wọn, òkùnkùn sì wà láàárín ìbejì kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ pín wọn. Dígí kan náà ni. Dígí tí mo ti ń bú fún oṣù mẹ́jọ, tí mo ti ń wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ mi. Mo fi ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá, mo bẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni, mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú tí mo gbé e síta. Gbígbé e gba ẹnu ọ̀nà nìkan máa ń yí dígí ńlá díẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ síkúrúù 2, ó sì máa ń gbà tó ìṣẹ́jú méjì láti dá a padà. Cheshire wà lápò mi, áléǹkí wà lọ́rùn ọwọ́ mi pẹ̀lú okùn rẹ̀. Vega ti gòkè. Mo ń jáde.